Ohùn Tó Ń Fọ́ ní Ìwó Road, àti Ìṣirò Tó Lè Tún Un Ṣe

Ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn, sípíkà kì í sinmi. Olóògùn ìbílẹ̀ ti so họ́ọ̀nù mọ́ orí mọ́tò, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń tún ara rẹ̀ sọ láti àárọ̀ di alẹ́: jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, ẹ̀yìn ríro. Àwọn tó ń ta fóònù gbé sípíkà ńlá síwájú ṣọ́ọ̀bù, fújì ń dún níbẹ̀. Oníwàásù dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú máíìkì àti áńpílífáyà tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìwó, Ifẹ̀ àti Èkó, pẹ̀lú ohùn àwọn tó ń pe èrò. Ọ̀pọ̀ nínú sípíkà wọ̀nyí ló ń fọ́. Ẹni tó bá dúró ní òdìkejì títì á gbọ́ pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò ní mọ ohun tó ń wí. Ẹni tó ni sípíkà á wá gbé vọ́lúùmù sókè sí i, ọ̀rọ̀ náà á sì tún dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n á ní sípíkà ti gbó, tàbí pé ayédèrú ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sípíkà tuntun tó dára náà máa ń fọ́ ohùn, nítorí pé ìrìn rẹ̀ ní ibi tó mọ, àwa la sì ń fi dandan lé e pé kó kọjá ibẹ̀. Ibi tí àtúnṣe ti rọrùn jù ni kí iná tó gbé ohùn tó wọ inú áńpílífáyà: ká yọ ohun tí sípíkà kò lè gbé kúrò nínú rẹ̀, ká sì tún ìyókù ṣe lọ́nà tí àṣìṣe sípíkà fi máa bá a mu. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń fi ìṣirò ṣe iṣẹ́ yìí, apá kan rẹ̀ sì wà nínú fóònù tó wà lápò ọ̀pọ̀ wa. Apá tó rọrùn jù nínú rẹ̀ kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Òun gan-an la kì í ṣe, ó sì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká wo inú sípíkà kan lórí tábìlì àwọn tó ń tún un ṣe. Wọ́n á fi bíléèdì gé etí rẹ̀ kúrò lára férémù, wọ́n á yọ́ lẹ́ẹ̀dì tó so wáyà mọ́ ọn, gbogbo ohun tó ń mì nínú rẹ̀ á sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bébà líle tó ṣe rìbìtì, tó jìn láàárín, ni kóònù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni páìpù kékeré kan wà tí wọ́n wé wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́: kọ́ìlì nìyẹn. Inú ààyè tóóró tó wà láàárín òòfà ni kọ́ìlì yìí ń gbé. Ààyè náà há débi pé tí èérún irin kan bá bọ́ síbẹ̀, á máa ha wáyà náà. Nǹkan méjì ló dì í mú kó má baà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́: etí rọ́bà tàbí ti aṣọ tó yí kóònù ká níwájú, àti aṣọ rìbìtì onígbì-ìgbì tó wà lẹ́yìn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sípáídà. Tí iná bá wọ kọ́ìlì, òòfà á tì í síwájú tàbí kó fà á sẹ́yìn, kóònù á bá a lọ, afẹ́fẹ́ á gbọ̀n, a ó sì gbọ́ ìró. Chester Rice àti Edward Kellogg, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní General Electric ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé irú sípíkà yìí fún aráyé ní 1925. Ìlànà wọn ló ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ sípíkà tí wọ́n ń tà lónìí.

Ohun tí a ń retí lọ́wọ́ sípíkà ni pé bí iná bá di ìlọ́po méjì, kí ìrìn kóònù náà di ìlọ́po méjì, ì báà jẹ́ síwájú, ì báà jẹ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ohùn bá rẹlẹ̀, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kóònù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jìnnà ni nǹkan ń yí padà. Kọ́ìlì á yọ díẹ̀ kúrò nínú ààyè òòfà, wáyà tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ nìkan ni òòfà á sì lè tì, nítorí náà agbára ìtì á dín kù ní àkókò gan-an tí a nílò rẹ̀ jù. Sípáídà àti etí kóònù náà ní ibi tí wọ́n lè nà dé. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, wọ́n á le, wọ́n á sì máa fa kóònù padà ju bó ṣe yẹ lọ. Irin tó wà láàárín òòfà tún ń dá sí i: nígbà tí kọ́ìlì bá wọlé bò ó dáadáa, iná tó gbé tírẹ́bù, ìyẹn ìró òkè, kì í ráyè kọjá bó ṣe fẹ́, nígbà tí kọ́ìlì bá sún síta, ààyè á tún ṣí fún un. Nípa bẹ́ẹ̀, bí báàsì, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀, ṣe ń gbé kóònù lọ sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni tírẹ́bù tó wà lórí kóònù kan náà ń pọ̀, tó sì ń dín kù.

Ti ooru yàtọ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé. Nínú 100 iná tí sípíkà lásán bá gbà, èyí tó ń di ìró kì í sábà ju 1 sí 3 lọ. Ìyókù ń di ooru nínú kọ́ìlì. Bí bàbà bá sì ṣe ń gbóná sí i ló ṣe ń dènà iná sí i. Tí ooru rẹ̀ bá fi 100 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdènà rẹ̀ á fi nǹkan bí 39 nínú 100 pọ̀ sí i, iná tí kọ́ìlì náà ń gbà lọ́wọ́ áńpílífáyà á sì wálẹ̀ sí bíi 72 nínú 100 èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń lò ó á ṣàkíyèsí pé ohùn ti lọ sílẹ̀, á tún gbé e sókè, ooru á tún pọ̀. Òórùn tí èèyàn máa ń gbọ́ lẹ́yìn sípíkà níbi àríyá òru kí ohùn tó dákẹ́ pátápátá, gọ́ọ̀mù ara kọ́ìlì ló ń jó.

Kí wá ni etí ń gbọ́ nígbà tí sípíkà bá ń fọ́? Ká ní a fi ìró kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí i, tó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí wọ́n ń kọ ní 100 Hz. Ìró 200 á bá a jáde, 300 náà á tẹ̀lé e, bóyá 400 pẹ̀lú. Àwọn ìró àfikún wọ̀nyí bá èyí tó bí wọn mu, torí náà etí kì í fi bẹ́ẹ̀ kórìíra wọn; àwọn olórin míì tiẹ̀ fẹ́ràn wọn. Ibi tó ti burú ni ìgbà tí ìró méjì bá wà nínú kóònù kan. Tí a bá fi 50 àti 1,000 ránṣẹ́ pọ̀, 950 àti 1,050 á jáde, 900 àti 1,100 náà lè jáde. Kò sẹ́ni tó kọ wọ́n lórin, kò sẹ́ni tó lù wọ́n nílù, wọn kò sì bá ohunkóhun mu nínú orin náà. Ìró àjèjì wọ̀nyí ló ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Òun ló fà á tí ohùn oníwàásù fi ń gbọ̀n nígbàkigbà tí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bá tẹ báàsì: kóònù tó gbé báàsì lọ jìnnà ti gbé ohùn èèyàn lọ pẹ̀lú.

Ó yẹ kí àwa tó ń sọ Yorùbá dúró díẹ̀ níbí. Èèyàn á rò pé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, tí èdè wa gbára lé, ni sípíkà tó ń fọ́ á kọ́kọ́ bà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tí okùn ọ̀fun ń gbọ̀n ló ń gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, ìró àfikún tí sípíkà ń mú wá sì ń gbọ̀n ní ìlọ́po iye kan náà, torí náà wọn kì í tú ohùn ká. Tẹlifóònù àtijọ́ jẹ́rìí sí i. Láti 300 dé 3,400 Hz nìkan ló ń gbé, bẹ́ẹ̀ ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 85 sí 180. Ìpìlẹ̀ ohùn náà kò tiẹ̀ dé etí ẹni tó ń gbọ́, síbẹ̀ tí ìyàwó ilé bá sọ lórí fóònù pé ọkọ òun ti dé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọkọ̀. Ọpọlọ ń ti ara àwọn ìró tó wà lókè mọ èyí tí kò sí níbẹ̀. Ohun tí fífọ́ ń pa ni kọ́ńsónáǹtì tín-ín-rín, àwọn bíi s, ṣ, f, t àti k, àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín e àti ẹ, láàárín o àti ọ. Orin gbólóhùn á ṣì wà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á ti lọ. Nítorí náà ni ẹni tó ń kọjá fi lè mọ̀ pé olóògùn ń polówó, kó má sì mọ àìsàn tó ní òun ń wò.

Àwọn ará Ìbàdàn ti gbé pẹ̀lú sípíkà kékeré tó ń sọ̀rọ̀ ketekete rí. Ní 1939 ni ètò rédíò oníwáyà dé ìlú yìí, lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935. Wọ́n fa wáyà wọ ilé, wọ́n gbé àpótí sípíkà kọ́ ara ògiri, àwọn èèyàn sì ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Irú àpótí kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè mú báàsì tó rinlẹ̀ jáde, ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n sì fẹ́ kí ó gbé. Báàsì tó ń mi àyà kò sí nínú ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Yíyọ báàsì tí a kò nílò kúrò bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe àkọ́kọ́, ìyẹn asẹ́. Kí ìró méjì tó lè lágbára bákan náà, èyí tí ìgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdajì èkejì ní láti gbé kóònù rìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Tí 100 Hz bá gba ìrìn mìlímítà kan, 50 Hz á gba mìlímítà 4, 25 Hz á gba 16. Ọ̀pọ̀ sípíkà ni ìrìn wọn kò ju mìlímítà mélòó kan lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ sì rèé, kò sí ohun tó wúlò lábẹ́ 80 Hz. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu máíìkì ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń gbá pèpéle, èémí tó ń bú jáde nígbà tí a bá pe b tàbí gb sún mọ́ máíìkì jù, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn ògiri. Gbogbo wọn ń jẹ ìrìn kóònù, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbọ́ á wá máa fọ́ nítorí wọn.

Asẹ́ tí mo ń wí máa ń jẹ́ kí ìró òkè kọjá, ó sì máa ń dá tìsàlẹ̀ dúró. Lórí ọ̀pọ̀ míkísà kékeré, bọ́tìnnì rẹ̀ wà ní ọ̀gangan ibi tí wáyà máíìkì ń wọ̀, wọ́n á kọ low cut sí i, tàbí 80 Hz, tàbí 100 Hz. Ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo ti rí míkísà tí wọ́n ti lò títí àwọ̀ fi họ kúrò lára àwọn bọ́tìnnì rẹ̀, tí ẹyọ kan yẹn sì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí irú èyí, nítorí ìjọ tó ni ín á ti ná owó sórí sípíkà tuntun kí wọ́n tó rò ó wò láti tẹ̀ ẹ́.

Họ́ọ̀nù lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Awọ tín-ín-rín kan ló ń gbọ̀n ní ìdí rẹ̀, kò lè rìn ju díẹ̀ bíńtín lọ. Bí họ́ọ̀nù náà ṣe gùn tó àti bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu ibi tí ìró rẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀nù kì í dí awọ náà lọ́wọ́ mọ́, awọ á kàn máa fò lásán, kò sì ní sí ìró tó ṣe é gbọ́ láti ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn họ́ọ̀nù tí wọ́n ń so mọ́ orí mọ́tò àti mọ́ òrùlé kò lè ṣe ohun gidi kan lábẹ́ 300 Hz. Ẹni tó bá dá gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 300 dúró kò pàdánù nǹkan kan. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á ṣì yé èèyàn, a ti rí ẹ̀rí ìyẹn lára tẹlifóònù. Awọ á wá ráyè gbé kọ́ńsónáǹtì.

Ti olóògùn tún rọrùn jù, nítorí pé ohùn tó ti gbà sílẹ̀ ló ń lò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló nílò láti ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ẹni tó bá a gba ohùn náà sílẹ̀ ṣí i nínú Audacity lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni, kó yan High-Pass Filter, kó kọ 300 Hz síbẹ̀, kó mú ìgékúrò tó jẹ́ 24 dB. Lẹ́yìn náà kó yan Limiter, kí ibi tí ohùn ti ń ta sókè lójijì lè wálẹ̀ bá ìyókù, kó wá dá a padà sórí fláàṣì. Nínú hẹ́ẹ̀dífóònù, ohùn náà á dún bí ẹni pé kò lára. Kó má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà á. Orí mọ́tò ni kó ti gbọ́ ọ.

Límítà tí mo dárúkọ yẹn ṣe kókó. Gbogbo áńpílífáyà ló ní ibi tí iná rẹ̀ lè ga dé. Bí ohùn bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, orí ìgbì rẹ̀ á gé pẹlẹbẹ, ìró àfikún á sì kún inú rẹ̀ kó tó dé sípíkà rárá. Sípíkà kékeré tó ń gbé tírẹ́bù ló sábà máa ń kú sí irú èyí. Límítà ń wo bí ohùn ṣe ga tó, ó sì ń fà á sẹ́yìn kó tó dé ibi tí á ti gé. Èyí tó ń fi ìṣirò ṣiṣẹ́ lè dá ohùn dúró fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá, kó wo ohun tó ń bọ̀, kó sì ti dín in kù kó tó dé. Sípíkà tó dára fẹ́ límítà méjì: ọ̀kan tó yá gan-an, tó ń ṣọ́ ìrìn kóònù, àti ọ̀kan tó ń fara balẹ̀, tó ń ṣírò ooru kọ́ìlì. Nínú ọ̀pọ̀ sípíkà tí áńpílífáyà wà nínú wọn lónìí, ṣíìpù kan ló ń ṣe gbogbo èyí, òun náà ló sì ń pín báàsì àti tírẹ́bù fún sípíkà tó tọ́ sí kálukú kí wọ́n má baà pàdé lórí kóònù kan.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, yíyẹra fún àṣìṣe sípíkà ni. Ṣé a lè pa àṣìṣe náà fúnra rẹ̀ rẹ́? Iléeṣẹ́ Philips ti orílẹ̀-èdè Netherlands gbìyànjú rẹ̀ láàárín 1970 sí 1980. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sára kóònù tó ń sọ bó ṣe ń rìn, wọ́n dá ìròyìn rẹ̀ padà sí áńpílífáyà, áńpílífáyà sì ń fi ohun tí kóònù ṣe wé ohun tí wọ́n ní kó ṣe, kó lè tún ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ṣe. Ó ṣiṣẹ́, pàápàá fún báàsì. Àmọ́ ó gba ẹ̀rọ àfikún lára gbogbo sípíkà, owó rẹ̀ ga, ẹni tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ kóònù rẹ̀ á wá ibi tí yóò ti rí irú rẹ̀ gan-an.

Ọ̀nà kejì ni ti Wolfgang Klippel, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì. Ní 1992 ó tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn, Audio Engineering Society, níbi tó ti fi hàn pé a kò nílò láti dúró títí kóònù á fi ṣìnà ká tó tún un ṣe. Ọdẹ tó bá mọ̀ pé ìbọn òun máa ń yà sí òsì, apá ọ̀tún díẹ̀ ló máa fojú sí kó tó yìn ín. Bákan náà, tí a bá mọ bí agbára òòfà ṣe ń dín kù ní ọ̀gangan kọ̀ọ̀kan tí kọ́ìlì bá dé, àti bí sípáídà ṣe ń le sí i, a lè fi ìṣirò da ohùn náà rú ní òdìkejì kó tó wọ áńpílífáyà. Ìdàrúdàpọ̀ méjèèjì á pa ara wọn rẹ́ nínú sípíkà, ìró tó mọ́ ni yóò jáde.

Ká gbé e sórí nọ́ńbà. Ká sọ pé nígbà tí kọ́ìlì bá rìn mìlímítà 4 síwájú, 80 nínú 100 agbára òòfà ló kù. Ìṣirò á wo ohùn tó ń bọ̀, á mọ̀ pé yóò gbé kọ́ìlì dé mìlímítà 4, á sì sọ iná tó ń lọ síbẹ̀ di ìlọ́po 1.25, nítorí 80 nínú 100 lọ́nà 1.25 jẹ́ 100 géérégé. Lẹ́yìn náà á fi ìwọ̀n díẹ̀ kún un fún líle sípáídà. Ìṣirò yìí kì í dúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló ń wáyé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibi tó ti le ni láti mọ ibi tí kọ́ìlì wà láìsí ẹ̀rọ kankan lára kóònù. Neville Thiele ará Ọsirélíà ní 1961, àti Richard Small lẹ́yìn rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1973, ti fi hàn pé nọ́ńbà díẹ̀ tó láti sọ bí sípíkà ṣe máa rìn nígbà tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Klippel mú nọ́ńbà wọ̀nyí, kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró sójú kan mọ́. Ó jẹ́ kí wọ́n máa yí padà bí kọ́ìlì ṣe ń rìn. Ní 1997 ó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Dresden, ẹ̀rọ ìwọn sípíkà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe sípíkà káàkiri ayé.

Àtúnṣe yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún sípíkà. Iná tó di ìlọ́po 1.25 túmọ̀ sí ooru tó di nǹkan bí ìlọ́po 1.56 ní àkókò náà. Áńpílífáyà gbọ́dọ̀ ní agbára tó ṣẹ́ kù fún un, kọ́ìlì sì gbọ́dọ̀ lè fara da ooru náà. Fún ìdí yìí, mi ò ní gba oníwàásù Ìwó Road níyànjú láti wá ìṣirò Klippel kiri. Kó tẹ bọ́tìnnì low cut rẹ̀ ná.

Níbi tí ìṣirò jinlẹ̀ yìí ti wọlé jù lọ láwùjọ wa ni fóònù. Sípíkà fóònù kéré ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìrìn awọ rẹ̀ kò tó mìlímítà kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń retí pé kó gbé ohùn fújì. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, áńpílífáyà rẹ̀ ń wọn iná tó ń wọ kọ́ìlì bí orin ṣe ń dún lọ́wọ́. Bí ìdènà kọ́ìlì bá pọ̀ sí i, ó mọ̀ pé ó ti ń gbóná, á sì dín agbára kù díẹ̀. Ó ń ṣírò bí awọ ṣe máa rìn jìnnà tó, kò sì ní jẹ́ kó gbá ògiri ilé rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ó lè fún sípíkà kékeré yẹn ní iná tó ju èyí tí ẹnikẹ́ni á láyà láti fún un láìsí ìṣọ́, fún ìwọ̀nba àkókò tó lè gbà á. Ní ti báàsì tí sípíkà náà kò lè dún, àwọn míì ń fi ìró òkè rẹ̀ ṣe àdàmọ̀dì, kí ọpọlọ fúnra rẹ̀ parí ìyókù, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe fún ohùn ọkùnrin lórí tẹlifóònù.

Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìwó Road gbọ́dọ̀ mọ èyí. Nọ́ńbà sípíkà tó wà nínú fóònù látìgbà tí wọ́n ti ṣe é nílé iṣẹ́ ni áńpílífáyà yẹn ń lò. Tí wọ́n bá yọ ọ́, tí wọ́n fi òmíràn tó kàn bá ààyè rẹ̀ mu síbẹ̀, ìṣirò náà á máa ṣọ́ sípíkà tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó lè máa dín ohùn kù nígbà tí kò yẹ, ó sì lè jẹ́ kí tuntun náà jó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oníbàárà á sì padà wá bínú. Sípíkà tí wọ́n ṣe fún fóònù náà gan-an ni kí wọ́n fi sí i, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Àwọn àbùkù kan wà tí ìṣirò kankan kò lè rí ojútùú sí. Kọ́ìlì tó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń ha irin òòfà, wà lára wọn. Kóònù tó ya, sípáídà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ṣí, wáyà tó ń gbá ẹ̀yìn kóònù, àpótí pákó tí ìṣó rẹ̀ ti tú: ìró tí wọ́n ń mú wá kì í tẹ̀lé òfin tó ṣe é kọ sínú ìṣirò, ó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ kò le. Kí ẹni tó ń tún un ṣe fi ìró kan ṣoṣo ránṣẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti 40 Hz, kó máa gbé e lọ sókè díẹ̀díẹ̀ dé 200, kí vọ́lúùmù rẹlẹ̀. Oríṣiríṣi áàpù ló wà lórí fóònù tó lè ṣe èyí. Bí ó bá gbọ́ kíkùn tàbí híha pẹ̀lú vọ́lúùmù kékeré bẹ́ẹ̀, inú sípíkà ni àbùkù wà, kó tú u. Bí ó bá mọ́ ní vọ́lúùmù kékeré, tó jẹ́ ìgbà tó gbé e sókè nìkan ló ń fọ́, kó má fọwọ́ kan bíléèdì rẹ̀. Kó lọ bá asẹ́ àti límítà. Tí ó bá sì ti pààrọ̀ sípáídà, kó rántí pé tuntun máa ń le ju èyí tó ti rọ̀ lọ. Kó jẹ́ kí sípíkà náà kọrin fún wákàtí mélòó kan kó tó gbé límítà rẹ̀ sí ibi tó máa wà.